Àwọ̀ Kọfí Tí Kò Parẹ́

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí i. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé yàrá àyẹ̀wò, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin gíga kan sọdá ọgbà bọ̀. Ọkùnrin náà di agboòrùn mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ara rẹ̀ ni ó fi bò. Àpótí funfun kékeré kan tí ó gbá mọ́ àyà ni ó ń fi agboòrùn ṣíjì bò, bẹ́ẹ̀ ni omi ń ṣàn láti inú irun orí rẹ̀ wọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni ó ń rìn, bí ìyá tí ó gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́ tí kò fẹ́ kí oorun dá lójú rẹ̀.

Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà níbi tí ó dúró sí. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa wọlé, ó ti gbé ojú le padà, ó sì sọ ohun tí ó máa ń sọ fún gbogbo àlejò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Mo ti gbọ́ pé ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀," ni ọkùnrin náà fèsì, tí omi ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀. "Wọ́n sọ fún mi lẹ́nu géètì pé kí n bèèrè Má-fọwọ́-kàn-án."

Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ pé orúkọ ìnagijẹ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ti rìn jìnnà dé ẹnu géètì. Ó fẹ́ bínú, kò rí ìbínú bí. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi bo ara rẹ̀ lójò.

"Èmi kì í bàjẹ́ bí omi bá kàn mí," ni ó wí. "Ohun tó wà nínú ibí yìí ló ń bàjẹ́."

Ó ṣí àpótí náà. Láàárín yìnyín ni ìgò ṣóńṣó kan wà, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè mí sí i kí ó fò lọ. Ọkùnrin náà ni ó ṣe é. Ilé iṣẹ́ kékeré kan lápá kejì ìlú ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń so àwọn èròjà tín-ín-rín pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Asínlẹ̀kẹ̀.

Ọlọ́run tí ó dá ara ènìyàn fi òṣìṣẹ́ púpọ̀ sínú rẹ̀ tí ojú kò rí. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ́ńsáìmù kan tí ń gbé inú ẹ̀dọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tú ọ̀rá palẹ̀ kí ara lè rí i lò. Òun ni ọmọbìnrin yìí ń wá kiri. Ohun tí ó fi ń wá a ni ańtíbọ́dì, èròjà inú omi kan tí ó mọ ohun tí yóò lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá kán an sórí ẹran ara tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, ibi tí ẹ́ńsáìmù náà bá wà ni yóò lọ dì mú, ibẹ̀ yóò sì gba àwọ̀ bíi ti kọfí.

Ó rí àwọ̀ náà nínú ẹ̀dọ̀, níbi tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ó tún rí i nínú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí i rí. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin àgbà kan tí kì í yin ènìyàn, yìn ín lójú gbogbo ilé. Ó ní òun yóò fi í ṣe igbákejì òun. Ìyá ọmọbìnrin náà, tí ó jẹ́ aránṣọ, gbọ́, kò sì sí oníbàárà kan tí ó wá gba aṣọ tí kò gbọ́ pé ọmọ òun ti rí ohun tí àwọn dókítà kò rí.

Ìdánwò kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù. Ańtíbọ́dì lè ṣìnà, ó lè lọ dì mọ́ ohun mìíràn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe pẹ́pítáìdì, èyí tí í ṣe ẹ̀dà kékeré ibi tí ańtíbọ́dì náà ń dì mú lára ẹ́ńsáìmù. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ po àwọn méjèèjì pọ̀, ọwọ́ ańtíbọ́dì yóò ti kún kí ó tó dé orí gíláàsì. Àwọ̀ tí ó bá parẹ́, òótọ́ ni. Àwọ̀ tí kò bá parẹ́, ẹ̀tàn ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òun ni ìyẹ̀fun tí Asínlẹ̀kẹ̀ gbé wá nínú òjò.

Ó yẹ kí ó fi àpótí sílẹ̀ kí ó máa lọ. Kò lọ. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe fi ìka lu ìgò náà kí ìyẹ̀fun tó so mọ́ ìdérí lè wá sílẹ̀, àti bí yóò ṣe kán omi sí i láìmi í. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó tún dé.

"Mo wá wò ó bóyá ó yòrò dáadáa."

"Ẹ ti wò ó lọ́jọ́ Ajé tó kọjá."

"Lọ́jọ́ Ajé òjò ń rọ̀. Lónìí oòrùn ràn. Nǹkan máa ń yí padà."

"Nínú fíríjì tó tì pa?"

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ òótọ́," ni ó wí, ojú rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Kì í ṣe ìyẹ̀fun ni mo wá wò."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jọ rìn dé ibùdókọ̀, nígbà tí ó yá wọ́n á rìn kọjá ibùdókọ̀, nígbà tí ó tún yá, ọkọ̀ á máa kọjá lára wọn, wọn kò ní rí i. "Ẹ" di "ìwọ" láàárín wọn láìsí ẹni tí ó kéde rẹ̀. Asínlẹ̀kẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló tọ́ òun dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn, àti pé ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n náà ń ba òun títí di òní. Ọmọbìnrin náà sọ fún un pé òun ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé àdúrà àdúgbò. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ó rí i lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, tí ó ń tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé orin náà kò ní olórin mìíràn.

Nígbà kan ọmọbìnrin náà bi í bóyá ó ti ṣe pẹ́pítáìdì tí kò dára rí. 

"Mo ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí n tó so òmíràn mọ́ ọn. N kò gbọ́n ju àwọn yòókù lọ, ìfẹ́ mi. Ohun tí mo kàn ní ni pé ẹnikẹ́ni lè fọkàn tán ohun tó bá ti ọwọ́ mi jáde."

Obìnrin náà gbá ọwọ́ náà mú. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ohun kan ṣú díẹ̀ níbi kan lọ́kàn rẹ̀, nítorí kò tíì ṣe ìdánwò náà. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń wá ọjọ́ tí ọwọ́ yóò dilẹ̀. Olúwa tí ń wo inú mọ̀ pé ìbẹ̀rù ni.

Ọjọ́ ń sún mọ́lé. Ọ̀gá ti pe àwọn àlejò láti ọ̀nà jíjìn, àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lè gbé iṣẹ́ kan ga tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ rì. Nígbà tí kò sí ibi ìsápamọ́ mọ́, ọmọbìnrin náà po ańtíbọ́dì pọ̀ mọ́ pẹ́pítáìdì bí Asínlẹ̀kẹ̀ ti kọ́ ọ, ó kán an sórí gíláàsì ẹ̀dọ̀, ó kán an sórí gíláàsì iṣan ọkàn, ó dúró.

Gíláàsì ẹ̀dọ̀ mọ́ lóló. Àwọ̀ rẹ̀ ti lọ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó rí. Pẹ́pítáìdì náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìkù síbì kan.

Ó fi gíláàsì kejì sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọ̀ kọfí náà wà níbẹ̀, ó jókòó sínú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ó dúdú bíi ti àná.

Kò sí ohun tí kò yé e. Ẹ̀dọ̀ ti jẹ́rìí pé iṣẹ́ ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ dára. Ohun tí òun rí nínú ọkàn, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yìn ín, tí ìyá rẹ̀ ń fi yangàn, kì í ṣe ẹ́ńsáìmù náà rárá. Ó tún ìdánwò náà ṣe. Èsì kan náà ni. Ó gbé gíláàsì ẹ̀dọ̀, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí gíláàsì, ó sì pa àpótí náà dé.

Nínú ìpàdé, àwọn àlejò jókòó yí tábìlì ká. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà náà ni Ọ̀gá bi í pé ìdánwò pẹ́pítáìdì ńkọ́, ọmọbìnrin náà sì gbé àwòrán kan ṣoṣo sójú ògiri, ti iṣan ọkàn, pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ tí kò parẹ́. Gbogbo wọn ń wò ó. Ó lè sọ òótọ́. Òótọ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ.

"Pẹ́pítáìdì tí wọ́n ṣe fún wa ni kò dáa, mà," ni ó wí.

Jẹ́jẹ́ ni ó sọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké wọ̀nyẹn máa ń ṣe. Ọ̀gá fa fóònù yọ níbi tí ó jókòó sí, ó pe olórí ilé iṣẹ́ náà, ó sì bá a sọ̀rọ̀ líle lójú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó bèèrè gíláàsì ẹ̀dọ̀. Bí ẹnì kan bá bèèrè ni, bóyá òun ìbá jẹ́wọ́. Ohun tí ó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn nígbà tí ó ń ká wáyà ẹ̀rọ àwòrán.

Lọ́jọ́ kejì, Asínlẹ̀kẹ̀ ń dúró dè é ní ẹnu géètì. Wọ́n ti gbé e kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgò ni wọ́n ní kí ó máa fọ̀, kí ó sì máa gbé àpótí kiri, títí wọn yóò fi mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Kò pariwo. Ó kàn dàbí ẹni tí ó ń tẹ́tí sí ohun kan tí kò gbọ́ dáadáa.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo ṣe ìdánwò náà?"

"Èmi ni."

"A jẹ́ pé lóòótọ́ ló kùnà." Ó mí kanlẹ̀. "Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ǹ bá bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo mọ bí o ṣe ń ṣe nǹkan. Dárí jì mí. Mo dójú tì ọ́ níwájú àwọn àlejò rẹ."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ kí ilẹ̀ lanu níbẹ̀ kí ó gbé òun mì. Ó ní kí ó má bẹ òun, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ti ń tú iṣẹ́ náà palẹ̀ lọ́kàn òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun kò rí ibi tí òun ti ṣì í, ṣùgbọ́n òun yóò ṣe òmíràn ní àsìkò ìsinmi òun. Lẹ́yìn náà ni ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Ó rán an létí pé ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ̀gbọ́n òun ń retí rẹ̀ wá jẹun.

Ẹ̀gbọ́n náà jẹ́ oníbúrẹ́dì, obìnrin tí apá rẹ̀ le, tí ẹnu rẹ̀ sì le jù ú lọ. Ó ti gbé aṣọ funfun sórí tábìlì nítorí àlejò. Ó wo ọmọbìnrin náà lókè délẹ̀, ó ní ó tinrín, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àrùn, oúnjẹ wà. Ó bu ìrẹsì fún un, ó fi ẹja tí ó tóbi jù lé e. Nígbà tí wọ́n ti jẹun díẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀, ó sì kanra.

"Ẹ̀ ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe rí? Ẹnì kan tí kò níṣẹ́ ló jókòó níbì kan, ó ba orúkọ ọmọ yìí jẹ́. Mo kàn fẹ́ rí i ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo fẹ́ bi í léèrè bóyá ìyá kankan bí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó," ni Asínlẹ̀kẹ̀ wí. "Ẹ̀bi ẹnì kankan kọ́. Ọwọ́ mi ló ṣì í."

Kò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ibi tí ìdánwò náà ti wá, kí ó má baà fi ojú burúkú wo àlejò. Ó ń dáàbò bò ó. Ọmọbìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tún bu òmíràn fún un, ó tún jẹ ẹ́, nítorí kò mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ pé rárá fún irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà, kò lè gbàdúrà. Bí ó bá ti kúnlẹ̀, tí ó ti pe Baba, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó ń ya ẹnu, ohùn kò jáde. Ó ti máa ń rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ẹni tí ń jalè, tí ń mutí. Kò mọ̀ pé ènìyàn lè fi ohùn jẹ́jẹ́, nínú ẹ̀wù funfun mímọ́, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn jù, kí ẹni náà sì tún wá bẹ̀ ẹ́ fún ìdáríjì.

Nígbà tí Asínlẹ̀kẹ̀ tún gbé àpótí dé, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọ̀nà tóóró tí fíríjì ńlá wà ni wọ́n ti pàdé. Ó na ìgò tuntun náà sí i.

"Mo yẹ èyí wò títí. Bó bá tún kùnà, má fi pamọ́ fún mi nítorí àánú. Sọ fún mi. Màá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, nítorí á jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

Obìnrin náà kò gba ìgò náà.

"Ti àkọ́kọ́ kò kùnà."

"Kí lo wí?"

"Ó dáa. Lára ẹ̀dọ̀, gbogbo àwọ̀ ló parẹ́. Mo rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i. Ohun tí mo rí nínú ọkàn ló jẹ́ irọ́. Mo mọ̀ kí n tó wọnú ìpàdé yẹn. Mo fi gíláàsì ẹ̀dọ̀ pamọ́, mo sì ní iṣẹ́ rẹ ni kò dáa."

Ẹ̀rọ fíríjì ń kùn láàárín wọn. Ọkùnrin náà wo ìgò tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sínú yìnyín, ó tún ìdérí àpótí náà ṣe kí ó lè dé dáadáa.

"O jẹ́ kí n bẹ̀ ọ́," ni ó wí níkẹyìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O jẹun nílé ẹ̀gbọ́n mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà yí padà. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Obìnrin náà kò sunkún. Ó rò pé ẹkún jẹ́ ohun tí ènìyàn ń sun fún ìbànújẹ́, ohun tí ó sì wà lára òun kì í ṣe ìbànújẹ́. Ìtìjú ni, ó sì gbẹ bí iyanrìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé gíláàsì méjèèjì sórí tábìlì Ọ̀gá. Ọ̀gá fi ojú ara rẹ̀ wò wọ́n lábẹ́ awò, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó gbé orí sókè, ó dàbí ẹni tí ó dàgbà sí i. Ó bi í bóyá ẹnì kan ti rí i, bóyá ìdí nìyí tí ó fi wá. Ọmọbìnrin náà ní kò sí ẹni tí ó rí i. Ọ̀gá ní èyí ni kò jẹ́ kí òun lé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ipò igbákejì ti bọ́. Yóò padà sí ibi tí àwọn tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi gígé ẹran ara àti fífọ gíláàsì, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yóò sì kọ̀wé sí àwọn àlejò náà, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Ó bẹ Ọ̀gá pé kí ó má pe ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ lọ fúnra òun.

Ó lọ. Asínlẹ̀kẹ̀ kò sí nílé iṣẹ́, ó ti gbé àpótí jáde. Ọmọbìnrin náà dúró níwájú olórí wọn àti gbogbo àwọn tí ń sín èròjà, ó sọ fún wọn ohun tí òun ṣe, kò dín in kù, kò sì sọ ìdí kankan. Ẹnì kan láàárín wọn ní ojú kò tì í. Ó ní ojú tì òun. Ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú ti rí omi, ó sunkún lójú gbogbo wọn bí ọmọdé, kò sì sí ẹni tí ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìyá rẹ̀ ni ó sọ fún kẹ́yìn, òun ni ó sì ṣòro jù. Aránṣọ náà dá ẹ̀rọ dúró. Ó yọ aṣọ kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè ohun kan ṣoṣo, pé kí ni òun yóò wí fún àwọn oníbàárà òun.

"Ẹ sọ pé ọmọ yín purọ́, Màmá."

"N kò lè sọ bẹ́ẹ̀." Ó fi ìtí òwú nu ojú, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òwú ni. "Màá sọ pé o ṣì í, pé o sì lọ tún un ṣe. Èyí náà kì í ṣe irọ́, àbí?"

Wọ́n dá Asínlẹ̀kẹ̀ padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Òun ń gé ẹran ara, ó ń fọ gíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì pè é ní Má-fọwọ́-kàn-án mọ́. Wọn kò pè é ní ohunkóhun. Ìjókòó ẹ̀yìn nínú ilé àdúrà ṣófo. Kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò jókòó síbẹ̀. Àdúrà rẹ̀ padà wá díẹ̀díẹ̀. Kò bèèrè ọkùnrin náà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojú ń tì í láti bèèrè. Ó kàn ń tọrọ pé kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ó tó rí i. Ní ọ̀sán kan ó yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó bá ọkùnrin gíga kan lórí ìjókòó oníbàárà, tí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ tí ó ń wọn ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni yìí ní ṣòkòtò òun gùn," ni ìyá wí, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀. "Mo ti wọ̀n ọ́n. Kò gùn. Mo rò pé ìwọ ló wá rí."

Ìyá dìde, ó fún àwọn méjèèjì láyè, ṣùgbọ́n kò jìnnà.

Asínlẹ̀kẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní inú ti bí òun gidigidi. Ó ní ìbínú náà ṣì máa ń dé, nígbà mìíràn bí òun bá ń so èròjà kan mọ́ èkejì, òun á dúró, òun á máa wo ọwọ́ òun. Èyí ni ó dun òun jù, pé òun yẹ ọwọ́ ara òun wò títí bí ẹni tí ń wá olè nínú ilé rẹ̀. Ó sì ní wọ́n sọ fún òun pé ó wá sílé iṣẹ́.

"Wọ́n ní wọn ò rán ẹ."

"Wọn ò rán mi."

"Mo gbìyànjú láti gbàgbé rẹ. Mo ṣe é dáadáa bí mo ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan mi. Kò yọrí sí rere." Ó wo ilẹ̀. "Ẹnì kan ṣì wà tí o kò tíì sọ fún."

Kò ní láti bi í pé ta ni.

Wọ́n jọ lọ. Ẹ̀gbọ́n ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì nígbà tí wọ́n wọlé. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí àlejò jókòó. Àlejò kò jókòó. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sì ń lọ nínú ìyẹ̀fun náà, ó ń lọra sí i, títí ó fi dúró.

"Ìwọ ni mo ń bú lọ́jọ́ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"O wá jẹ oúnjẹ mi."

"Mo jẹ ẹ́, mà."

"Mo tún bu òmíràn fún ọ."

"Mo jẹ ìyẹn náà, mà."

Ẹ̀gbọ́n yí sí àbúrò rẹ̀. Ó bi í bóyá ó ti mọ èyí, ó ní òun ti mọ̀. Ó bi í bóyá ó ṣì fẹ́ ẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún yí padà.

"Ṣé ojú ń tì ọ́?"

"Ó ń tì mí ju ti ọjọ́ yẹn lọ, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó máa tì ọ́ fúngbà díẹ̀. Mi ò tíì tán nínú bíbínú, màá sì bínú sí ọ lọ́jọ́ mìíràn." Ó na apá rẹ̀ tí ìyẹ̀fun bò, ó fà á dìde. "Ṣùgbọ́n ní ilé yìí, a kì í fi ẹni tó bá sọ òótọ́ sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀."

Níbẹ̀ ni Asínlẹ̀kẹ̀ ti bi í, lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bóyá yóò fẹ́ òun. Ọmọbìnrin náà ní ipò òun ti bọ́, gíláàsì ni òun ń fọ̀.

"Èmi náà ti fọ ìgò," ni ó wí, ẹ̀rín àkọ́kọ́ sì dé ẹnu rẹ̀. "Màá kọ́ ẹ, ẹyinjú mi."

"Ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan lè tún un ṣe. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí."

"Mo mọ̀. Bí o bá ti rí i pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí o tètè sọ fún mi. Èyí nìkan ni mo fẹ́."

Ó ní òun yóò sọ. Ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni sí èyí tí ó kọ́kọ́ bèèrè.

Nínú ilé àdúrà kékeré náà ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ẹ̀wù tí ó wọ̀, ìyá rẹ̀ ni ó rán an. Nígbà tí ó dé ibi tí oníwàásù ti máa ń bi ìjọ bóyá ẹnì kan wà tí ó mọ ìdí tí kò fi yẹ kí àwọn méjèèjì yìí di ọkọ àti aya, orí ìyàwó tẹ̀ sílẹ̀. Òun mọ ìdí kan. Ó gbọ́ bí ilé náà ti pa rọ́rọ́. Ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀, ó wọ fìlà. Olórí ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó wò ó níran lọ́jọ́ tí ó sunkún. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n oníbúrẹ́dì jókòó síwájú pátápátá, ó ká apá rẹ̀ pọ̀ mọ́ àyà. Gbogbo wọn ni ó mọ ìdí náà. Láti ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Oníwàásù dúró. Kò sí ẹni tí ó dìde.

"Gbójú sókè," ni ọkọ rẹ̀ wí fún un ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìyàwó sì gbé ojú sókè.